Ẹrẹ̀ tí mo gbé wọ oko ìyá mi

Ìyá mi bi mí ní ìbéèrè kan lórí fóònù ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ilẹ̀ náà máa ń ṣàìsàn ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Inú ọkọ̀ ni mo wà ní Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ariwo pọ̀, mo ní kí wọ́n má bínú, màá pè wọ́n padà. N kò pè wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi ń tẹ̀lé mi kiri. Mo bá a lórí oúnjẹ, mo bá a nídìí iṣẹ́, ó sì máa ń jí mi lóru bí iná bá lọ tí ooru mú.

Oko òwú ìyá mi ní Sábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Benin tiwa níbí, ló fa ìbéèrè yẹn. Apá kan nínú rẹ̀ ń kú. Wọ́n ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀, kò ju ẹní kan tí ènìyàn tẹ́ sílẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó di ẹní mẹ́ta, lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé fi ẹní wọ̀n mọ́. Òjò rọ̀ dáadáa. Kòkòrò kò dá ewé lu. Àwọn òwú tó yí ibẹ̀ ká dúdú minimini, wọ́n ń tanná. Àwọn ti àárín yìí ṣáà ń kú lórí ìdúró. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló sọ ọ́ lórúkọ: akúdúró.

Ọ̀sán á rọ, alẹ́ á jí

Mo wọkọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo gba Ìdáàṣà, mo dé Sábẹ̀ẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé oko, n kò rí ohun tí wọ́n ń sọ. Ewé dúró, òdòdó là. Mo ní, "Ìyá mi, oko yìí dára o." Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Jẹ́ kí oòrùn mú ná."

Ọ̀sán pọ́n tán ni mo tó mọ ohun tí wọ́n rí. Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í sorí kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ tí wọn kò fún kí wọ́n tó sá a. Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, àwọn kan tún gbé orí sókè padà. Ohun tó tan ìyá mi jẹ fún ọjọ́ mélòó kan nìyẹn: wọ́n á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á sì jí lálẹ́ bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ti pẹ́ nínú rẹ̀ kò jí mọ́. Ewé ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n lẹ́bàá etí, pípọ́n náà wọnú láàárín àwọn iṣan ewé, ó gbẹ, ó já. Igi á wá dúró ní ìhòòhò láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, pẹ̀lú ewé mẹ́ta mẹ́rin lórí bí irun tí abẹ fò.

Kí n tó dé, Bàbá Àgbà ti ní kí wọ́n fín in ní oògùn kòkòrò. Wọ́n ti fín in lẹ́ẹ̀mejì, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n máa ń fín tẹ́lẹ̀. N kò bá wọn jà, nítorí ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ nìyẹn: òwú bá ti ṣe bákan, póńpù la ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Ó sì yé mi ìdí rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí a ń gbìn, òwú ni kòkòrò fẹ́ràn jù, ẹni tí kò bá fín oògùn kò ní kórè. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Owó oògùn ọ̀hún wà lọ́rùn ìyá mi, tí wọn yóò yọ nígbà tí wọ́n bá ta òwú, akúdúró kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni fín nǹkan kan.

Ọ̀bẹ

Lọ́jọ́ Ajé ni ọmọbìnrin kan tó ń gba àwọn àgbẹ̀ nímọ̀ràn ní àdúgbò náà gun alùpùpù dé oko. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju ọgbọ̀n lọ. Bàbá Àgbà kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí kò ní ebè kan, kí ló fẹ́ kọ́ àgbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ó ní, "Àrokò bọ́dún dé o, Bàbá." Wọ́n dá a lóhùn "Àṣẹ" láti inú ọ̀fun, ojú wọn sì wà lókè bí ẹni tó ń ka ẹyẹ.

Mo ti ń retí kó wo ewé. Kò wò ó. Ó tẹ̀ mọ́ ìdí igi kan tó ń kú, ó hú u tegbòtigaga, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì yọ ọ̀bẹ kékeré kan nínú àpò. Ó fi ọ̀bẹ gé igi náà ní ìdagẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìka mẹ́rin sókè gbòǹgbò, ó wá na ojú ibi tó gé sí wa.

Òrùka kan wà níbẹ̀, lábẹ́ èèpo. Àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ obì tí ènìyàn gé jẹ tó gbàgbé sórí tábìlì títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó la igi náà gígùn, òrùka yẹn sì di okùn: ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan tó ti gbòǹgbò wá, tó gba àárín igi kọjá, tó yà sínú ẹ̀ka. Ó lọ hú òmíràn níbi tí oko ti dára, ní òdìkejì pátápátá, ó gé e bákan náà. Ìyẹn funfun báláú bí inú gbágùúdá.

Kò sọ nǹkan kan. Ó kàn na ọ̀bẹ sí mi.

Mo gé igi méjìlá lọ́jọ́ náà. Àwọn tí mo kọ́kọ́ gé ń kú lóòótọ́, n ò retí ohun mìíràn nínú wọn. Lẹ́yìn náà ni mo kúrò láàárín, mo lọ sí etí, sí ibi tí òwú ti dúdú, tí ó tanná, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá lọ yóò yìn. Mo gé márùn-ún níbẹ̀. Mẹ́ta ní òrùka nínú.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé ibi tó ń kú ni àìsàn wà. Mo rò pé ó ní ààlà, àti pé ojú mi ń rí ààlà náà. Ọ̀bẹ ló sọ fún mi pé ohun tí ojú mi ń rí jẹ́ ọ̀rọ̀ àná. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àmọ́ mo ti gbọ́ òwe yẹn láti kékeré láìjẹ́ pé mo ronú kàn án pé ẹ̀fọ́ náà lè tutù yọ̀yọ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹ ẹ́.

Bàbá Àgbà gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi. Wọ́n gé ọ̀kan. Wọ́n gé èjì. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra ojú rẹ̀ bóyá àwọ̀ náà á parẹ́. Kò parẹ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ nu ara ṣòkòtò wọn, wọ́n dá a padà fún ọmọbìnrin náà, wọ́n sì ní kó jókòó sábẹ́ igi kó mu omi.

Igi tó fún ara rẹ̀ lọ́rùn

Ohun tó wà nínú igi yẹn jẹ́ ìbátan olú tí à ń jẹ, ìbátan ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu. Fusarium ni àwọn onímọ̀ ń pè é, irú èyí tó sì ń bá òwú jà ni wọ́n fi èdè Látìn sọ ní vasinfectum: èyí tó ń kó àrùn ran ọ̀nà omi. Kì í ṣe tuntun. Ọdún 1892 ni Atkinson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, kọ nípa rẹ̀ láti Alabama, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń rí i káàkiri ibi tí wọ́n ti ń gbin òwú láyé.

Inú ilẹ̀ ló ń gbé. Kò nílò òwú kó tó wà láàyè. Ó lè di èso kékeré kan tí èèpo rẹ̀ le, kó sùn sínú erùpẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó máa dúró de gbòǹgbò. Bí gbòǹgbò bá dé, á wọ ibi tó rọ̀ lára rẹ̀, á sì wá ọ̀nà dé àwọn ìfun tín-ín-rín tí igi fi ń fa omi. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti yà mí lẹ́nu. Nígbà tí igi bá mọ̀ pé àlejò wọlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í di ọ̀nà omi ara rẹ̀ pa: oje tó ki bí àtè á dà síbẹ̀, ara igi á wú sínú ihò náà, kí ọ̀tá má baà gòkè. Ọ̀tá ń dí i, òun náà ń dí i. Òrùka aláwọ̀ obì yẹn ni àmì ogun ọ̀hún. Omi wà nílẹ̀, òjò ń rọ̀, òùngbẹ sì ń pa igi.

Ìdí nìyẹn tí kò fi sí ohun tí ènìyàn lè fín sórí ewé tí yóò wo igi tó ti wọ̀ lára sàn. Ìdí nìyẹn pẹ̀lú tó fi ń rọ lọ́sàn-án tó ń jí lálẹ́: bí oòrùn bá rọ̀, omi díẹ̀ tó ń gba ibi tí kò tíì dí kọjá á tó o lò.

Ọmọbìnrin náà tún fi gbòǹgbò hàn wá. Kókó kéékèèké wà lára rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọn kò sín dáadáa. Aràn tín-tìn-tín inú ilẹ̀ tí ojú kò lè rí ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbòǹgbò, àwọn tó ń gbin tòmátì mọ̀ ọ́n dáadáa. Níbi tí aràn yìí bá wà, ọwọ́ akúdúró máa ń le sí i, pàápàá nínú ilẹ̀ oníyanrìn tí kíkan wà nínú rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ bá móoru. Ìyá mi gbọ́ èyí, wọ́n ní, "Oníyanrìn ni ilẹ̀ wa." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kò fi ojú nìkan dá ẹjọ́. Ó ní àrùn mìíràn wà tó jọ ọ́, Verticillium, tí òun náà ń gbé inú ilẹ̀ tó sì ń di ọ̀nà omi, àmọ́ tí ìyẹn fẹ́ràn ibi tí ilẹ̀ ti tutù díẹ̀. Ó fi ìwé ìròyìn wé igi mẹ́rin, kò fi ọ̀rá wé e nítorí á jẹrà, ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Èsì dé lẹ́yìn oṣù kan. Fusarium ni.

Ta ló gbé e dé?

Kí èsì tó dé, ẹjọ́ ti pọ̀ nílé. Bàbá Àgbà ní irúgbìn ni. Aládùúgbò kan ní ayé ni, àwọn tí wọn ò fẹ́ kí obìnrin opó ní oko tó tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni ti irúgbìn, àrùn yìí lè gba inú irúgbìn wọ oko. Ṣùgbọ́n inú àpò kan náà ni ìyá mi àti obìnrin méjì mìíràn ti bu irúgbìn, a sì lọ gé igi wò nínú oko àwọn méjèèjì: funfun ni.

Mo padà lọ wo ibi tó ń kú ní èmi nìkan. Mo fi ẹsẹ̀ yí i ká. Ó ní ìrísí. Kò rí róbótó bí mo ṣe rò. Ó rí bí igbá tí omi ń dà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí a ń gbà wọ oko ló ti fẹ̀ jù, ó wá tẹ̀lé ibi tí àgbàrá ń gbà sọ̀ kalẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ibẹ̀ la máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ sí. Ibẹ̀ la máa ń fi igi ha ọkọ́ sí kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọkọ́ ta ni?

Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbàkígbà tí mo bá wá láti Àjàṣẹ́ ní ìgbà ìgbìn, ọjọ́ méjì péré ni mo ní, n kì í sì í ní ọkọ́ tó. Oko Bàbá Àgbà ni mo máa ń yà sí láti yá a, ní ìsàlẹ̀ ibi tí ilẹ̀ wọn ti rẹlẹ̀. Òjò á ti rọ̀. Ẹrẹ̀ á ti mọ́ ọkọ́ bí ẹ̀bà tó mọ́ ìkòkò, á mọ́ bàtà mi títí dé ọrùn ẹsẹ̀. N kò fọ̀ ọ́. Ta ni ń fọ ọkọ́ tó fẹ́ lọ lò? Mo máa ń gbé e sẹ́yìn alùpùpù, n ó di ẹnu ọ̀nà oko ìyá mi, n ó ha á dànù síbẹ̀, n ó gbọn bàtà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń di pòpórò òwú láti ìsàlẹ̀ oko wọn kan náà wá fún ìyá mi láti fi dáná. Ẹni tó bá dáná pòpórò òwú rí mọ̀ pé kì í jóná tán. Gbòǹgbò àti èrúnrún ń kù. Èyí tó bá kù a máa lọ sí ààtàn, ilẹ̀ ààtàn sì ni ìyá mi ń kó lọ fún òwú, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ajílẹ̀ tó tó o. Òótọ́ ni pé kò sí. Mo gbé àrùn wá sílé fún wọn ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀, mo sì ń retí àdúrà lórí rẹ̀. Wọ́n sì ṣe àdúrà náà fún mi.

Nígbà tí mo bi Bàbá Àgbà léèrè nípa ibi ìsàlẹ̀ yẹn, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ibẹ̀ ti kú láti bí ọdún mẹ́fà. Mo fi kajú sí i." Wọ́n ní wọ́n rò pé ilẹ̀ náà rẹ̀ ni. Wọn kò sọ fún ẹnì kan. Ìyá mi, tí wọ́n jókòó sẹ́bàá wa, tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Igi mẹ́fà kan kú lẹ́nu ọ̀nà mi ní èṣí. Mo rò pé ikán ni."

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Mo ti máa ń ka òwe yẹn sí ọ̀rọ̀ ọ̀tá inú ilé, ẹni tó mọ ìdí rẹ tó sì tà ọ́. N kò mọ̀ pé ó lè jẹ́ ọmọ tó wá ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí oore ń gbà

Ohun tí mo ń rò kiri láti ìgbà náà nìyí, òun ló sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí. Akúdúró kò ní ìyẹ́. Láàárín ọdún, tó bá dá wà, kò lè rìn jìnnà nínú ilẹ̀. Ohun tó ń gbé e fò láti oko dé oko ni gbogbo ohun tí a fi ń jẹ́ ènìyàn rere: ọkọ́ tí a yá ara wa, àáró tí ogún ẹsẹ̀ fi ń ti oko kan bọ́ sí òmíràn, igi ìdáná tí a fi ta ìyá lọ́rẹ, màlúù tí a jẹ́ kó wọlé jẹ pòpórò lẹ́yìn ìkórè kó lè yàgbẹ́ fún ilẹ̀. Ahun tí kò yá ẹnikẹ́ni ní nǹkan, tí kò sì gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, oko tirẹ̀ á mọ́. N kò sì fẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ènìyàn rí kọ́ nínú rẹ̀.

Ní Ọsirélíà, ọdún 1993 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i, ní Darling Downs ní ìpínlẹ̀ Queensland. Oko tiwọn tóbi, ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ẹ̀rọ yìí kan náà sì ń ti oko lọ sí oko. Wọ́n wá irú òwú tó lè fara dà á lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún gbé gbólóhùn kúkurú kan jáde tí gbogbo àgbẹ̀ wọn mọ̀ lórí: wá ní mímọ́, lọ ní mímọ́. Ẹ fọ ọkọ̀ kí ẹ tó wọ oko, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó jáde. Àwọn tó ní katakata ń dúró fọ táyà. Àwa tí ọkọ́ mẹ́rin ni gbogbo ohun èlò wa, kò wá sí wa lọ́kàn.

Mo rò pé ìtìjú wà nínú rẹ̀. Kí a tó fọmọ fún ọkọ ní ilẹ̀ wa, a máa ń wádìí ìdílé: ṣé wàrápá wà níbẹ̀, ṣé wọ́n ti rí ẹ̀tẹ̀ níbẹ̀ rí. Nítorí ìwádìí yìí ni àwọn ìdílé ṣe ń fi àìsàn pamọ́. Bàbá Àgbà fi àìsàn ilẹ̀ wọn pamọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àgbẹ̀ tí wọ́n mọ̀ sí àgbẹ̀ láti ogójì ọdún, kí ilẹ̀ rẹ̀ máa kọ òwú? Ó sàn kó gbin kajú bo ojú rẹ̀. N kò dá wọn lẹ́bi tó bí mo ṣe rò pé màá ṣe. Bí wọ́n bá sọ ọ́ lọ́dún náà, ta ni ìbá tún bá wọn ṣe àáró?

Kajú ọ̀hún náà ní ìtàn tirẹ̀. Láyé àtijọ́, bí ilẹ̀ bá rẹ̀, wọ́n á fi sílẹ̀, wọ́n á ṣí lọ síwájú. Nísinsìnyí kajú ti gba iwájú. Igi tó máa wà níbẹ̀ fún ogún, ọgbọ̀n ọdún kò ní kúrò kí òwú tó wọlé, òwú sì ń padà sórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún. Akúdúró kò ní oúnjẹ tó dùn tó ìyẹn.

Ohun tí ọwọ́ wa ká

A hú gbogbo ohun tó ń kú àti ìlà mẹ́ta tó yí i ká, tòun ti gbòǹgbò, a kó o jọ sí àárín ibẹ̀ gan-an, a sì dáná sun ún lójú ibẹ̀. Kò sí èyí tó kúrò nínú oko. Sísun àwọn tó ṣì dúdú yẹn dun ìyá mi. Àwọn kan nínú wọn ti ń là. Wọ́n já òwú díẹ̀ lára wọn lọ́wọ́, wọ́n wò ó, wọ́n jù ú sínú iná.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a ó gbìn síbẹ̀ ló fa àríyànjiyàn jù. Ìyá mi ti ń rò ilá, ibi tí oòrùn ń gbà dára fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni ilá àti òwú, ẹ wo òdòdó wọn, ohun tó ń pa ọ̀kan ń pa èkejì. Ẹ̀pà la fi sí i. Aràn inú ilẹ̀ tó máa ń bá òwú jà kì í rí jẹ lára ẹ̀pà, ọkà bàbà ni yóò sì tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé èyí á pa akúdúró tán. Yóò dín in kù, ebi á pa á díẹ̀. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọdún méjì tó láti fọ ilẹ̀ mọ́ ń tan yín jẹ.

A dín yúríà kù, nítorí ajílẹ̀ tó ń mú ewé tutù rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀ yìí, bó bá pọ̀ jù, ń ran àrùn náà lọ́wọ́, nígbà tí ilẹ̀ tí pòtáṣíọ́mù kò sí nínú rẹ̀ ń sọ igi di ọ̀lẹ. Èyí dùn mọ́ Bàbá Àgbà nínú, nítorí láti kékeré wọn ni ìyá wọn ti máa ń da eérú ìdáná sídìí nǹkan. Eérú ní pòtáṣíọ́mù, ó sì ń pa kíkan ilẹ̀. Wọ́n ní, "Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran," wọ́n sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. N kò ní ọkàn láti sọ fún wọn pé eérú tí ilé ìdáná wa ń rí lọ́dún kan kò lè tó ìdá mẹ́rin oko.

Ohun tó dára jù lọ kò sí lọ́wọ́ wa. Káàkiri ayé, irú òwú tó lè fara dà á ni ohun tó gba àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè wa, àgbẹ̀ kì í yan irúgbìn òwú. OKP 768, ANG 956, KET 782, orúkọ tó bá wà lára àpò tí wọ́n pín ní àdúgbò rẹ ni wàá gbìn. N kò sọ pé ètò náà burú, òun ló jẹ́ kí irúgbìn dé ọwọ́ ìyá mi lásìkò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yan irúgbìn gbọ́dọ̀ mọ ibi tí akúdúró wà, kò sì lè mọ̀ bí gbogbo wa bá ń gbin kajú bo ojú rẹ̀. Ọmọbìnrin ọlọ́bẹ yẹn ní kí n bá òun kọ orúkọ àwọn abúlé tí mo bá ti gé igi wò. Mo ti gé ní mẹ́rin. Àwọn kan kò jẹ́ kí n wọlé.

Báké́ẹ̀tì

Ní oṣù kẹfà ọdún yìí, mo ra báké́ẹ̀tì méjì àti búrọ́ọ̀ṣì onírin kan kí n tó kúrò ní Àjàṣẹ́. Mo gbé wọn sẹ́nu ọ̀nà oko ìyá mi, omi lásán sínú ọ̀kan láti ha ẹrẹ̀, omi pẹ̀lú Javel tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú èkejì. Ìyá mi ní ọkọ́ mẹ́fà tiwọn báyìí, tí kì í kúrò níbẹ̀. Bí a bá ní iṣẹ́ ní ibi tó ti kú, ìrọ̀lẹ́ la ń ṣe é, nígbà tí iṣẹ́ ibi tó mọ́ bá ti parí.

Ọjọ́ àáró ìyá mi ni mo ń bẹ̀rù. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló wá. Bàbá Àgbà ló ṣáájú, ọkọ́ wọn léjìká, bàtà rọ́bà wọn pupa dé orókún. Mo ti ń ronú bí màá ṣe sọ fún àgbà pé kó bọ́ bàtà kó fọ ẹsẹ̀ kó tó wọ oko àbúrò rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ wọ ilé ìjọsìn. N kò tíì la ẹnu tán tí ìyá mi fi kúnlẹ̀ níwájú wọn, tí wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbé ẹsẹ̀ yín wá."

Wọ́n wo ìyá mi. Wọ́n wo èmi. Àwọn mẹ́rìndínlógún yòókù dúró sórí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà sọ ọkọ́ kalẹ̀ sínú báké́ẹ̀tì, wọ́n di èjìká ìyá mi mú kí wọ́n má baà ṣubú, wọ́n sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè.

Wọ́n ní, "Ha abẹ́ rẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ló ń sá sí."